Ọ́ìlì Tí Béjidé Ní Òun Ti Pààrọ̀

Bàbá Cornelius, ẹ má gbé àga fún mi, mi ò jókòó! Ẹ má bu omi wá, mi ò mu! Béjidé dà? Béjidé tẹ́ ẹ kọ́ níṣẹ́ mẹkáníìkì, tẹ́ ẹ fi ọwọ́ ara yín fà lé mi lọ́wọ́, tẹ́ ẹ ní, "Ìyá Nífẹ́mi, ẹ fọkàn balẹ̀, bẹ́ ẹ bá ti rí Béjidé, èmi lẹ rí yẹn," òun dà? Ó ti ba tèmi jẹ́ o! Ó pa mí láìyọ̀bẹ!

Ẹ ní kí n rọra sọ ọ́? Ó dáa, mo fẹ́ rọra sọ ọ́, ẹ gbọ́. Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ kí mi káàbọ̀ lọ́jọ́ tí mo wa mọ́tò mi láti Ìdó-Ọ̀ṣun wá síbí, tí mo ní kí Béjidé bá mi pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, torí oyún Nífẹ́mi ọmọ mi tó wà nílé ọkọ ní Òṣú ti wọ oṣù kẹjọ, mo sì fẹ́ kí mọ́tò wà ní sẹpẹ́, bí wọ́n bá pè mí lójijì. Ṣé mo ṣahun ni? Mo ra ọ́ìlì, gálọ́ọ̀nù kan gbáko, mo ra fílítà tuntun, funfun báláú, mo kó gbogbo ẹ̀ lé e lọ́wọ́, mo ní kí n yà dé ọ̀dọ̀ oníbàárà mi kan ní Old Garage. Nígbà tí mo padà dé, ó ti pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé, ó ń fi àkísà nuwọ́, ó ń rẹ́rìn-ín. "Mọ́mì, mo ti ṣe é o. Ẹ wo gálọ́ọ̀nù ẹ̀ nílẹ̀." Mo wò ó lóòótọ́, ó ṣófo. Mo dúpẹ́. Mo gbàdúrà fún un! Bàbá Cornelius, àdúrà ni mo gbà fún un!

Kí n fa géèjì yọ, ṣé ohun tẹ́ ẹ fẹ́ sọ nìyẹn? Kí n fa irin tín-ín-rín yẹn yọ, kí n nù ún, kí n kì í bọ ẹ́ńjìnnì padà, kí n wá wò ó bóyá ọ́ìlì tó lẹ̀ mọ́ ọn mọ́ bí oyin àbí ó dúdú bí ọ̀dà? Ta ló ń fa géèjì yọ lójú ẹni tó fọkàn tán?

Mo lọ kí ọmọ mi ní Òṣú. Mi ò tí ì jókòó dáadáa tí omi ara ẹ̀ fi já. Akínkúnmi ọkọ ẹ̀ gbé e sẹ́yìn mọ́tò, ìyá Akínkúnmi jókòó tì í, mo kọrí sí ọsibítù ní Iléṣà. A ò tí ì rìn jìnnà tí iná pupa kan fi tàn níwájú mi nínú mọ́tò, kí n tó mọ̀, ẹ́ńjìnnì ti ń lu ara ẹ̀ kókókó bí ẹni ń fi òòlù lu irin, ló bá kú. Mo yí kọ́kọ́rọ́, kò dún. Mo yí i, mo tún yí i, kò dún! Ọmọ mi ń ké, "Mọ́mì, ẹ ṣe nǹkan!" Kí ni kí n ṣe? Kí n ru mọ́tò ni? Akínkúnmi dúró sáàárín títì, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè, àwọn ọkọ̀ ń yà fún un, wọ́n ń sá lọ. Ẹ̀yìn mọ́tò yẹn ni wọ́n ti bí ọmọ ọmọ mi, Bàbá Cornelius. Kò ké. Ọmọ ò ké! Ìyá Akínkúnmi ló fẹnu fa ohun tó dí i nímú kó tó ké wẹ́rẹ́ bí ọmọ ológbò. Ọkọ̀ tó kó pákó ló wá ṣàánú wa.

Bẹ́ẹ̀ ni, ó ṣì wà láàyè. Inú àpótí gíláàsì ní ọsibítù ni wọ́n tẹ́ ẹ sí, rọ́bà wà nímú ẹ̀, dókítà ní ká máa gbàdúrà. Dókítà o! Bí dókítà bá ti ń sọ ìyẹn, ṣé ara lè rọ èèyàn?

Wọ́n wọ́ mọ́tò dé Iléṣà, wọ́n tú u níṣojú Akínkúnmi. Ohun tó jáde níbẹ̀ kì í ṣe ọ́ìlì mọ́, ẹrọ̀fọ̀ dúdú ni. Fílítà tó wà níbẹ̀, pupa ni, ó ti dípẹtà! Èmi tí mo ra funfun! Akínkúnmi wò mí títí, ó ní, "Mọ́mì, ẹ ṣáà sọ fún wa pé ẹ ti pààrọ̀ ọ́ìlì." Ìyá ẹ̀ ní ahun ni mo ṣe, ó ní mo fẹ́ fi ahun sin ọmọ àwọn. Nífẹ́mi tí mo fi inú mi bí, ó kọjú sí ògiri. Mo gbé ẹ̀kọ lọ, kò jẹ. Ọmọ mi gbà pé mo purọ́! Ṣé mo purọ́ ni? Ẹ dá mi lóhùn, ṣé mo purọ́ ni?

Kí lẹ wí? Ẹ máa ra ẹ́ńjìnnì míì fún mi? Áà! Bàbá tó bí mi lọ́mọ, òṣómàáló ni, aṣọ àwìn ló ń tà, bó bá lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ajigbèsè, kì í dìde. Èmi náà á lóṣòó síbí lónìí, àmọ́ kì í ṣe ohun tówó lè rà ni mo wá gbà!

Òun ló ń bọ̀ yẹn! Béjidé, má yà síbẹ̀ yẹn, mo ti rí ẹ! Ṣé dídọ̀bálẹ̀ ló kàn? Dìde. Ọ́ìlì mi dà? Fílítà mi dà? Hẹ̀n? O kó o sínú mọ́tò ẹlòmíì? Torí pé ẹni yẹn ń kánjú, o ní wàá ra tèmi padà, o wá gbàgbé? O gbàgbé, Béjidé? Ìwọ tíwọ náà ti bímọ! Ẹ gbọ́ ọ, Bàbá Cornelius, ẹnu ara ẹ̀ ló fi sọ ọ́!

Ọmọ Mẹ́tọ́díìsì ni mí, mi ò ní ṣépè. Dìde nílẹ̀. Wá sọ ọ́ bóo ṣe sọ ọ́ yìí létí ọmọ mi, kí ìyá ọkọ ẹ̀ gbọ́, kí Akínkúnmi gbọ́. Rárá, má wẹ ọwọ́! Bó ṣe rí yẹn ni kó rí. Wọnú ọkọ̀ tí mo háyà wá yìí. Bàbá Cornelius, ẹ̀yin náà ẹ bọ́ síwájú, Iléṣà là ń lọ.