Bàbá Tó Ní Kí Wọ́n Fa Òun Jáde Nínú Sàárè

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun tó fi èémí sí wa lára láìjẹ́ pé a tọrọ rẹ̀. Ìkẹ́ àti ọlà kó máa bá Ànábì wa, àti àwọn ará ilé rẹ̀, àti gbogbo ẹni tó bá tọ ipa rẹ̀ títí di ọjọ́ àlìkìyámọ̀. Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa, àlàáfíà Ọlọ́hun kó máa bá yín. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ jókòó sí ẹnu ọ̀nà kí ẹ lè tètè sá lọ, kó máa bá ẹ̀yin náà. Mo rí yín.

Ẹ̀kọ́ wa tòní kò gùn. Àmánà ni ara. Ọlọ́hun fi í sí wa lọ́wọ́ ni, kò tà á fún wa. Tí wọ́n bá wá sọ fún ẹni tí àmánà wà lọ́wọ́ rẹ̀ pé nǹkan ti fẹ́ bà á jẹ́, tó wá ní òun kò ní ṣe nǹkan kan sí i, pé òun gba Ọlọ́hun gbọ́, ṣé ẹni yẹn gba Ọlọ́hun gbọ́ lóòótọ́? Ẹ dá mi lóhùn. Ẹ gbọ́ o, àwọn ìyá wa nìkan ló dáhùn. Àwọn bàbá ń wo ilẹ̀, torí wọ́n mọ̀ pé àwọn ni mò ń bá wí.

Ìtàn tí mo fẹ́ sọ, ìlú wa níbí ló ti ṣẹlẹ̀, ojú mi ló sì ṣe. Ẹni tó ni ìtàn náà ti fún mi láṣẹ. Ó ní kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, kí n má fi iyọ̀ sí i, torí dókítà ti ní kí òun dín iyọ̀ kù.

Bàbá Bísíríyù ni. Ẹ̀yin àlejò lè má mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá jókòó tì yín. Sìmẹ́ńtì ló ń tà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí gbogbo wa fi mọ̀ ọ́n ni pé òun ni olórí àwọn tó ń gbẹ́ sàárè fún mọ́sálásí wa. Wọn kì í gba kọ́bọ̀. Orí àpáta ni ìlú wa wà, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gbẹ́ ilẹ̀ níbí, ọkọ́ nìkan kò tó o, àfi kó ní díígà àti àyà. Bàbá Bísíríyù ní méjèèjì. Òun ló gbẹ́ ti bàbá mi. Òun ló gbẹ́ ti lìmámù tó ṣáájú mi. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, kò sì tíì sí ọ̀dọ́ tó gba díígà lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Inú rẹ̀ máa ń dùn sí i, ó sì tọ́ kó dùn. Èmi náà máa ń fi í yangàn tí mo bá dé ìlú míràn.

Àwọn agbẹ́sàárè wa ní àṣà kan. Ẹni tó bá gbẹ́ làhàdì, ìyẹn ihò ẹ̀gbẹ́ tí a ń tẹ́ òkú sí, òun náà ni yóò dúró sínú sàárè títí òkú yóò fi dé, tí yóò sì gbà á. Wọn kì í fà á jáde ṣáájú. Wọ́n ní ẹni tí wọ́n bá fà jáde kí òkú tó wọlé, sàárè ti mọ ojú rẹ̀ nìyẹn, òun ni yóò pè tẹ̀lé e. Mo ti ń ka tírà láti kékeré títí irùngbọ̀n mi fi funfun, n kò tíì rí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí. Ṣùgbọ́n ẹ lọ sọ fún agbẹ́sàárè pé kò sí nínú tírà, yóò ní, "Àlùfáà, ẹ̀yin kì í wọ inú ibẹ̀."

Bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Làtíìfù, àbúrò Bàbá Bísíríyù, jókòó sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, ó ń ṣe àlùwàlá ìrun alásárì, ló bá dojú bolẹ̀. Kò ṣàìsàn, orí kò fọ́ ọ. Ó ti kú kí wọ́n tó gbé e dìde. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló gbẹ́ sàárè rẹ̀, òun náà ló sì gbà á sínú ilẹ̀.

Bàbá Bísíríyù ní ọmọbìnrin kan, Sáúdátù, nọ́ọ̀sì ní Ìbàdàn. Ọ̀rọ̀ ikú Làtíìfù kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ó ní bàbá òun gbọ́dọ̀ wá kí wọ́n wo ọkàn rẹ̀. Bàbá ní ọkàn tòun le bí òkúta. Sáúdátù bá ìyá rẹ̀ sọ ọ́, ìyá náà sì sọ ọ́ sí i létí ní àárọ̀, ó sọ ọ́ ní ọ̀sán, ó bu ọbẹ̀ fún un tán ó tún sọ ọ́. Ẹ̀yin bàbá, ẹ mọ irú rẹ̀. Bàbá Bísíríyù lọ sí Ìbàdàn kí ariwo lè rọlẹ̀ nínú ilé.

Wọ́n tẹ́ ẹ sínú ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú àyà. Kò dùn ún, kò sì pẹ́. Dókítà tó ka àwòrán náà jẹ́ obìnrin kan tó ní sùúrù. Ó ní kí Bàbá rántí funfun tó máa ń gan mọ́ inú kẹ́tù tí a bá fi ń se omi kànga. Ó ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀, kálísíọ́mù, ti gan mọ́ ara iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ wọ inú ọkàn Bàbá. Wọ́n máa ń fún un ní nọ́ńbà. Òdo ni ti ẹni tí kò ní rárá. Tó bá ti kọjá irínwó, ó ti ga. Ti Bàbá lé ní ẹgbẹ̀rin.

Ó ní kì í ṣe pé ikú ti dé o, ìkìlọ̀ ni, Bàbá sì ṣe oríire tó fi tètè gbọ́. Ó fún un ní oògùn tí yóò máa lò lójoojúmọ́. Ó ní kó padà wá kí wọ́n wò ó lórí ẹ̀rọ tí èèyàn ń rìn lórí rẹ̀, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ ń kọjá dáadáa tí ọkàn bá ń ṣiṣẹ́. Títí ìgbà yẹn, kò gbọ́dọ̀ ṣe iṣẹ́ agbára. Ó wá béèrè pé irú iṣẹ́ wo ni Bàbá ń ṣe. Sáúdátù ti jáde lọ gba ọjọ́ àyẹ̀wò kejì. Bàbá ní òun ń jókòó ta sìmẹ́ńtì.

Ṣé ó parọ́? Kò parọ́. Ṣé ó sọ òótọ́? Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò.

Ó ní kí Sáúdátù jẹ́ kí òun fi ẹnu ara òun sọ ọ́ nílé. Nígbà tó délé, ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé ara òun le, ó sì ki oògùn sí àpò agbádá tó ń wọ lọ́jọ́ Yídì. Ẹ má rò pé òmùgọ̀ ni. Ojú ló ń tì í. Ó mọ̀ pé tí mo bá gbọ́, màá ka orúkọ rẹ̀ lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ mọ́ orúkọ àwọn aláìsàn tí a ń tọrọ àlàáfíà fún. Ó mọ̀ pé Mùsílíù, igbákejì rẹ̀, yóò rọra gba díígà lọ́wọ́ rẹ̀, yóò sì ní kó jókòó sábẹ́ igi. Ó ní nǹkan kan kò ro òun, báwo ni òun yóò ṣe di aláìsàn? Tí Sáúdátù bá pè é nítorí àyẹ̀wò kejì, á ní ìsìnkú wà, á ní ìsọmọlórúkọ wà. Tí ọmọ náà bá sunkún, á ní, "Fi í sílẹ̀ fún Ọlọ́hun. Tàwákálì ni mo ṣe."

Ẹ jẹ́ kí n sọ nǹkan kan fún yín. Ìgbéraga mọ aṣọ wọ̀. Ó lè wọ jàlàbíà, kó mú tẹ̀súbáà dání, kó wá máa pe ara rẹ̀ ní tàwákálì. Ẹni tó bá ṣe tàwákálì a máa lo oògùn rẹ̀, á wá gbé ìyókù lé Ọlọ́hun lọ́wọ́. Ẹni tó ju oògùn sínú àpò agbádá, kí ló fẹ́ gbé lé E lọ́wọ́?

Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀rùn, Alhaja Hàbíbà, ìyá tó kọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa ní kéwú, jáde láyé. Ilẹ̀ ti gan. Bàbá Bísíríyù gbẹ́ sàárè rẹ̀ pẹ̀lú àwọn géńdé rẹ̀, ó lé gbogbo wọn jáde, ó sì ku òun nìkan láti gbẹ́ làhàdì. Ibẹ̀ ni àyà ti dì í mú. Ó sọ fún mi pé ńṣe ló dà bíi kí èèyàn jókòó lé òun láyà. Ìrora náà gba apá òsì, ó gun àgbọ̀n, òógùn tútù sì bò ó.

Ó ké sí Mùsílíù pé ó rẹ òun. Mùsílíù bojú wolẹ̀, ó rí ojú ọ̀gá rẹ̀, ó sì mọ̀ pé nǹkan ti ṣe. Ṣùgbọ́n àṣà yẹn ló wá sí i lọ́kàn. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó fara dà á díẹ̀, pé òkú ti ń bọ̀, pé wọ́n ti kírun sí i lára tán. Kì í ṣe pé ó kórìíra rẹ̀. Kò fẹ́ kó jẹ́ ọwọ́ òun ni yóò fà á jáde kí sàárè má bàa pè é.

Èmi ni mo ṣíwájú òkú. Bí a ṣe dé ibẹ̀ tí gbogbo ìlú yí ibẹ̀ ká, mo gbọ́ ohùn Bàbá Bísíríyù láti ìsàlẹ̀. Kò pariwo.

Ó ní, "Mùsílíù, ọkàn mi ń ṣàìsàn. Wọ́n ti sọ fún mi ní Ìbàdàn, èmi ni mo fi pamọ́. Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ wà lókè, ẹ gbọ́ ọ. Ẹ fà mí jáde."

Kò sẹ́ni tó mira. Àwọn géńdé tó ń fọ́ àpáta ń wo ara wọn. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ká jàlàbíà mi sókè, mo fi orúnkún lélẹ̀, mo na ọwọ́ sí i. Nígbà tí Mùsílíù rí i pé lìmámù ti ń fa ọ̀gá òun, ó fò wá, ó di apá kejì mú, a sì gbé e jáde. Ọkọ̀ tó gbé òkú wá la fi gbé alààyè lọ sí ọsibítù. Mùsílíù ló wọlé parí làhàdì, ó sì gba Alhaja Hàbíbà dáadáa.

Láti ọsibítù wa níbí, wọ́n gbé Bàbá lọ sí Ìbàdàn. Wọ́n gba ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ki okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan lọ sínú ọkàn, wọ́n rí iṣan kan tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dí, wọ́n sì fi nǹkan kékeré kan bíi sípíríǹgì bírò là á sílẹ̀. Dókítà ní ká ní wọ́n pẹ́ sí i ni, ọ̀rọ̀ ì bá yí padà. Sáúdátù kò bá bàbá rẹ̀ jà. Ó jókòó tì í, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ní láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí òun, òun kò tíì rí kí bàbá òun ṣe ohun tó gba agbára tó ọ̀rọ̀ tó sọ nínú sàárè yẹn.

Ara rẹ̀ yá o, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gbọ́ ọ bí ìtàn àwọn tó ń polówó àgbo. Bàbá béèrè bóyá nọ́ńbà yẹn yóò wálẹ̀. Dókítà ní rárá, èyí tó ti gan ti gan, iṣẹ́ oògùn ni kó má jẹ́ kó fọ́, kó má sì jẹ́ kó burú sí i. Ó sì ní iṣẹ́ díígà ti parí fún un. Nígbà tó padà wálé, òun fúnra rẹ̀ ló wá bá mi lọ́jọ́ Jímọ̀. Ó ní kí n ka orúkọ òun, kí n sì ka orúkọ àìsàn náà mọ́ ọn, kí gbogbo bàbá tó wà níbẹ̀ gbọ́. Mo kà á. Lẹ́yìn ìrun, àwọn ọkùnrin tò lẹ́yìn rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń bi í léèrè nípa àyẹ̀wò náà ní ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bíi kí wọ́n máa tọrọ ìyàwó. Ó dá gbogbo wọn lóhùn.

Lónìí, ó ń lo oògùn rẹ̀, ó ń rìn lẹ́yìn ìrun àsùbáà, ó sì ti fi ọ̀rá àgbò sílẹ̀ fún àwa tí kò tíì gbọ́n. Òun ló ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ sàárè kó má wó. Wọ́n ti ra àkàbà. Ẹni tó bá rẹ̀ nínú sàárè a máa gùn ún jáde, òmíràn a sì wọlé. Àṣà yẹn ti kú, àwa la sin ín.

Ó ku ohun kan. Lóṣù tó kọjá, Alhaji Sànúsí kú, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré. Táófíìkì, ọmọ olóògbé, dọ̀bálẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lójú gbogbo wa, ó bẹ Bàbá Bísíríyù pé kó wọlé gba bàbá òun, ẹ̀ẹ̀kan yìí péré. Mo wo ojú Bàbá. Ẹ̀yin èèyàn mi, ó wù ú. Ó wù ú débi tí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó fa Táófíìkì dìde.

Ó ní, "Ọmọ mi, mo fẹ́ràn bàbá rẹ. Ṣùgbọ́n mo ti bá àwọn tó wà nílé ṣe àdéhùn pé n kò ní wọ sàárè mọ́. Ilé yẹn, ẹ̀ẹ̀kan péré ló kù tí màá wọ̀ ọ́, ẹlòmíràn ni yóò sì gbà mí. Ìwọ ni kí o wọlé. Màá dúró sí etí ibí, màá máa sọ bí o ṣe máa ṣe é fún ọ."

Ọmọ náà sì wọlé, ó gba bàbá rẹ̀ fúnra rẹ̀. Mo ti rí i tí Bàbá Bísíríyù fi díígà fọ́ àpáta. N kò rí agbára rẹ̀ tó ti ọjọ́ yẹn.

Ẹ gbé ọwọ́ yín sókè. Ọlọ́hun, Ìwọ tó ni ọkàn tó ń lù láyà wa, fún wa ní ọgbọ́n láti gbọ́ ìkìlọ̀ nígbà tí kò tíì pẹ́. Fún wa ní ẹnu láti sọ pé kò rọrùn. Fún wa ní ará àdúgbò tí yóò na ọwọ́. Ẹni tó ń lo oògùn, fi àlùbáríkà sí i fún un. Ẹni tó fi tirẹ̀ pamọ́ sílé báyìí, tó jókòó síbí, tó rò pé n kò mọ òun, tọ́ ọ sọ́nà kó tó délé. Àmín.