Òórùn Àdúrà Agogo Mẹ́rin

Ẹ̀yin ará tí a jọ ń kúnlẹ̀ nínú ilé yìí, ohun tí mo gbé wá sọ́dọ̀ yín lónìí kò dùn-ún gbọ́. Ó ń rùn. Kí aláboyún fi ìborùn bo imú; kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun mú ọkàn le. Mo ti dàgbà kọjá ẹni tí ń bẹ̀bẹ̀ kí a tó gbọ́ tirẹ̀, ẹ sì mọ̀ pé n kì í ṣe alálàá ojoojúmọ́. Ìran kan ṣoṣo ni mo rí láyé mi, ojú oorun ìrọ̀lẹ́ ni mo sì ti rí i, nígbà tí mo wà ní yunifásítì tí mo ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ. Ibi tí ojú mi dé ni n ó bá yín dé. Ibi tí kò dé, n ó sọ pé kò dé.

Àwa mẹ́ta ni wọ́n pín sídìí iṣẹ́ kan náà ní láàbù: èmi, ọ̀rẹ́ mi Délé, àti ọmọbìnrin kan tí ń jẹ́ Mojísọ́lá. Èmi ni olórí wọn. Iṣẹ́ náà kò le. Ọ̀pá irin kan sùn lórí ẹsẹ̀ méjì, bí afárá ti í sùn lórí odò. A ó máa fi ìwọ̀n wíwúwo kọ́ ọ láàárín, lọ́kọ̀ọ̀kan, títí tí yóò fi pé méjìlá. Aago kékeré kan wà lábẹ́ ọ̀pá náà tí ọwọ́ rẹ̀ ń fi hàn bí irin ti tẹ̀ tó. Bí a bá fi ọ̀kan kọ́, a ó dúró kí ọwọ́ aago fara balẹ̀, a ó kà á, a ó kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni a ó fi òǹkà wọ̀nyí fa ìlà sórí ìwé, tí a ó sì mú ìwé náà fún olùkọ́ kí oòrùn tó wọ̀.

A fi márùn-ún kọ́. Agogo mẹ́rin ku díẹ̀. Agogo mẹ́rin sì ni àdúrà ẹgbẹ́ onígbàgbọ́ wa, èmi ni aṣáájú àdúrà, ohùn mi ni í mi fèrèsé. Mo bá mú rúlà. Mo fa ìlà tààrà láti ibi márùn-ún tí a ti kà lọ sí ibi méje tí a kò tíì kà. Mo to àwọn àmì yòókù sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: ọ̀kan lókè díẹ̀, ọ̀kan nísàlẹ̀ díẹ̀, kí ó lè jọ ohun tí ojú ènìyàn rí. Lẹ́yìn èyí ni mo ka iye wọn kúrò lára ìlà náà, mo kọ ọ́ sínú ìwé. Ara òǹkà ló yẹ kí ìlà ti jáde. Tèmi, ara ìlà ni òǹkà ti jáde. Ìríra gbáà! Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe é pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu.

Mojísọ́lá ní, "Olórí, méje ló kù o."

"Mo ti kọ wọ́n."

"Ojú ta ló rí wọn?"

Délé bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá Olóòótọ́! Ìlà ni olùkọ́ béèrè, kò béèrè ojú ẹ."

Mo fi ohùn àgbà sọ fún un pé, "Àwa ń lọ bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀."

"Ẹ bá mi kí i," ni ó wí. "Ẹ ní mo wà nídìí iṣẹ́."

Ọ̀rọ̀ náà gún mi bí ẹ̀gún. Mo fa bírò yọ, mo pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ lórí ìwé náà níṣojú rẹ̀. Ó mọ ohun tí èyí jẹ́, èmi náà mọ̀ ọ́n: ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí lórí ìwé yẹn yóò tún ọdún kan kà. Ó wò mí, kò sunkún, ó yí padà sídìí irin rẹ̀. Mo kó ìwé fún Délé, mo ní bí a bá ti ṣe àmín, kí ó gbé e lọ bá olùkọ́.

Ẹ̀yin ará, mo gbàdúrà lọ́jọ́ náà débi pé ènìyàn méjì ṣubú lulẹ̀. Nígbà tí gbogbo wọn túká, èmi nìkan tún kúnlẹ̀ láti dúpẹ́, mo gbé orí lé àga, oorun sì gbé mi lọ.

Ẹnìkan di ọrùn ọwọ́ mi mú. Ó wọ aṣọ funfun, ó ká apá aṣọ náà dé ìgunpá bí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. N kò rí ojú rẹ̀. Ó ní, "Tẹ̀ lé mi. Má fọwọ́ kan nǹkan."

A dé etí kòtò kan. N kò mọ bí ó ti jìn tó. Àwọn ènìyàn kúnlẹ̀ sínú rẹ̀, wọ́n ń bì. Èébì náà ki bí ògì tó ti kan, irun wà nínú rẹ̀, wọ́n sì ń fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bù ú padà sẹ́nu. Bí ó bá ti délẹ̀ inú, á tún jáde. Mo béèrè ta ni wọ́n.

"Òpùrọ́," ni amọ̀nà mi wí. "Ohun tí wọ́n fi bọ́ ẹlòmíràn ni wọ́n ń jẹ."

A rí ọkùnrin kan àti obìnrin kan tí ara wọn ti rà mọ́ra, tí awọ ọ̀kan ti di awọ èkejì, omi ń ṣàn láàárín wọn, tí oníkálùkù sì ń yí ọrùn kí èémí èkejì má bàa kàn án nímú. "Alágbèrè. Wọ́n fi ọkọ àti aya sílẹ̀ nílé, wọ́n ní àwọn kò lè pínyà."

Lẹ́yìn wọn ni ọkùnrin kan tí a nà gbalaja lórí òpó méjì, orí lórí ọ̀kan, gìgísẹ̀ lórí èkejì. Wọ́n ń so ẹrù mọ́ ìbàdí rẹ̀. Ó tẹ̀, ó tẹ̀, ẹran ìbàdí rẹ̀ là, ọ̀rá ń kán. "Aninilára. Kò bi ẹ̀yìn ẹnikẹ́ni léèrè rí iye tí ó lè gbé."

Mo tutọ́ sílẹ̀. Mo ní, "Ẹlẹ́gbin! Ó tọ́ sí wọn." Amọ̀nà mi wo itọ́ náà, ó fà mí lọ.

A gun òkè kan, afẹ́fẹ́ tútù fẹ́ sí wa. Àwọn ènìyàn jókòó lábẹ́ igi, wọ́n na ẹsẹ̀, ojú wọn dà bí ojú ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀. Mo dá ọ̀kan mọ̀: Bàbá Àjàyí, tí ń gbálẹ̀ láàbù wa kí ó tó kú lọ́dún tó ṣáájú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nínú omi tútù.

"Háà, akọ̀wé mi!" ni ó wí. "O ò ṣìnà báyìí?"

Ìwé péńpé kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, òórùn rẹ̀ dà bí òórùn òjò àkọ́rọ̀ lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Mo bi í ohun tí ó jẹ́.

"Òǹkà ni. Ọmọbìnrin kan ló ń fi wọ́n ránṣẹ́, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìkẹjọ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dé yìí. À ń retí ìkẹsàn-án."

Inú bí mi, àní ní ọ̀run! Mo ní, "Àdúrà mi ńkọ́, Bàbá? Èyí tí mo gbà kíkankíkan ní agogo mẹ́rin?"

Bàbá Àjàyí rọra fi ọwọ́ bo imú. Amọ̀nà mi ní, "Wá wò ó."

Ẹ̀yìn odi ni ó mú mi lọ. Ìkòkò kan wà níbẹ̀, ó ní ọmọrí. Ó ṣí i. Òórùn náà lù mí lójú bí ìgbà tí eku mẹ́wàá bá kú sínú kànga tí ooru sì mú wọn fún ọ̀sẹ̀ kan, mo yíjú, kò sí ibi tí n ó yí i sí, mo wò ó, ìdin ni, ìdin kìkì, wọ́n ń hó bí ẹ̀kọ orí iná, ìdin kọ̀ọ̀kan ní ẹnu, ohùn mi ló wà lẹ́nu wọn, ohùn mi tí mo fi ń yangàn, "Olúwa gbọ́! Olúwa gbọ́!", mo fẹ́ sá, ọwọ́ tó dì mí mú kò tú, mo ké pé kí ó bò ó, mo bẹ̀ ẹ́ kí ó dà á nù.

"A kò lè gbé e síwájú Ọlọ́run," ni ó wí, "a kò sì ní ibi tí a ó dà á sí. Ẹni tó ni ín ni yóò jẹ ẹ́. La ẹnu."

Ẹnu mi là. N kò là á. Òun fúnra rẹ̀ ló là.

Mo jí. Oòrùn ṣì wà lára ògiri, ìtọ́wò búburú náà ṣì wà lórí ahọ́n mi. Mo sáré. Ìṣísẹ̀ mẹ́ta péré ló kù fún Délé kí ó dé ẹnu ọ̀nà olùkọ́.

"Délé! Mú ìwé yẹn wá!"

Ó yíjú, ó sì fà sẹ́yìn. "Kí ló dé? Kí lo jẹ? Ẹnu ẹ ń rùn!"

Mo já ìwé náà gbà, mo fà á ya. Ó pariwo pé orí mi ti dàrú. Láàbù ni mo forí lé. Mojísọ́lá bẹ̀rẹ̀ mọ́ aago náà.

Mo ní, "Ìkẹsàn-án nìyí?"

"Ìkẹsàn-án ni. Ta ló sọ fún ọ? Má fara ti tábìlì."

Mo dúró. A jọ kà á dé méjìlá. Nígbà tí a fa ìlà wa, ó wọ́ bí ìrù ajá. Olùkọ́ gbé e sójú, ó ní, "Irú wúruwùru wo nìyí?"

Mojísọ́lá ní, "Ohun tí a rí nìyẹn, sà."

Olùkọ́ tikára rẹ̀ lọ bẹ̀rẹ̀ wo ìdí irin. Igi tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ kan ti jẹrà. Bí ẹrù bá ti ń pọ̀, ẹsẹ̀ náà ń rì. Kò sí ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni fi lè rí ìlà tó tọ́ lórí irin yẹn. Ó padà lọ wo òkìtì ìwé tí àwọn ẹgbẹ́ yòókù, tó ti lo irin kan náà ṣáájú wa, ti kó sórí tábìlì rẹ̀, gbogbo ìlà wọn ló gún bí ọ̀pẹ. Mo rí ojú rẹ̀: ojú ẹni tó bá aáyán nínú ọbẹ̀ tó ti jẹ dé ìdajì.

Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo ohun tí mo ṣe. Orúkọ Mojísọ́lá nìkan ni ó fi sílẹ̀ lórí ìwé náà. Ọmọbìnrin náà lọ síwájú. Èmi àti Délé tún ọdún náà kà, Délé kò sì kí mi títí ó fi parí.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń gun orí pẹpẹ yìí wá jẹ́rìí, tí ẹ rí ọ̀kan tí ẹ ń sọ mẹ́wàá: ẹ ṣọ́ra, nǹkan ń hó nínú ìkòkò níbìkan. Ẹ̀yin tí ẹ rẹ́ ẹlòmíràn jẹ kí ẹ tó wá gbọ́wọ́ sókè níbí, ẹ má ṣe pariwo sí Ọlọ́run. Ẹ ń dá kún un ni. Bí ẹnikẹ́ni bá wà níbí tó mọ ohun tí òun fi sílẹ̀ láìṣe, tàbí ẹni tí òun pa orúkọ rẹ̀ rẹ́, kí ó dìde báyìí kí ó lọ tún un ṣe. N ó di ojú mi. N kò ní wo ẹni tó ń jáde.