Irọ́ Tí Mo Pa Nípa Òrùlé Mọ́mì Bísí

Ẹ̀yin òǹkàwé, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tí kò jẹ́ kí oúnjẹ dùn lẹ́nu mi mọ́. Mi ò sọ ọ́ fún ọkọ mi, mi ò sọ ọ́ fún pásítọ̀ wa. Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ báyìí ni pé wọ́n fẹ́ mú ìyá àgbà kan kúrò nínú ilé wọn nítorí irọ́ tí mo pa, àwọn fúnra wọn ò sì mọ̀ pé irọ́ ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dé òpin kí ẹ tó bú mi.

Nọ́ọ̀sì ni mí. Cedar Hill ni èmi àti ọkọ mi ń gbé, ní ẹ̀gbẹ́ Dallas níbí. Ìjọ kan náà ni èmi àti Mọ́mì Bísí ń lọ, ilé wa ò sì jìnnà síra. Opó ni wọ́n. Bàbá Bísí ló ra ilé náà kí wọ́n tó kú, Mọ́mì nìkan ni wọ́n sì ń dá gbé ibẹ̀ látìgbà yẹn. Wọ́n ń dáná fúnra wọn, wọ́n ń wa mọ́tò wọn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì gbin ewúro sẹ́yìn ilé tí gbogbo wa ń lọ já láìtọrọ. Bísí, ọmọ wọn kan ṣoṣo, ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Richardson, Allen lòun àti ọkọ rẹ̀ sì ń gbé. Ibẹ̀ jìnnà sí wa, nítorí náà èmi ni Mọ́mì máa ń pè bí nǹkan kékeré bá ṣẹlẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, yìnyín bọ́ ládùúgbò wa, ó sì ba òrùlé ilé púpọ̀ jẹ́, títí kan ti Mọ́mì Bísí. Ẹni tó bá ń gbé Dallas mọ̀ pé bí yìnyín bá ti dá báyìí, àwọn tó ń ṣe òrùlé á ya bo àdúgbò bí èèrà tó rí ṣúgà. Ọ̀kan nínú wọn bá mi níwájú ilé. Ìró ni mo ró, ó sì ti fìyẹn mọ̀ pé Yorùbá ni mí. Ẹ gbọ́, ọkùnrin yìí dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kọnkéré, pẹ̀lú bàtà iṣẹ́ lẹ́sẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ kú ewu yìnyín mà."

Ó ní ọmọ Ìkìrun lòun. Ìkìrun ni wọ́n bí èmi náà sí. Inú mi dùn débi pé omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi. Àwọn ọmọ tí mo bí sí Amẹ́ríkà, "Hi, Mom" ni wọ́n fi ń kí mi, wọn ò tilẹ̀ ní í dìde lórí àga. Ilé àyágbé la wà, onílé ló ni wàhálà òrùlé. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un, mo sì júwe ilé Mọ́mì Bísí fún un.

Ọkùnrin náà lọ bá Mọ́mì. Bísí ti kìlọ̀ fún ìyá rẹ̀ lórí fóònù pé, "Mommy, don't sign anything o. Ẹ jẹ́ kí ẹnìkan check license ẹ̀ first." Ojú Mọ́mì kì í ríran dáadáa lórí fóònù, ni wọ́n bá pè mí. Wọ́n ní, "Jọ̀ọ́, ọmọ mi, bá mi yẹ ọkùnrin yẹn wò. Ṣé ìwé ẹ̀ pé?" Mo ní kò sí wàhálà, mà.

Mi ò yẹ nǹkan kan wò. Kì í ṣe pé mi ò ráyè. Ìwọ̀sí ló jọ lójú mi. Ẹni tó dọ̀bálẹ̀ kí mi, ọmọ ìlú mi, ṣé mo tún máa wá máa wádìí rẹ̀ bí ẹni ń wádìí olè? Lọ́jọ́ kejì mo pe Mọ́mì. Mo ní, "Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò, mà. Ìwé ẹ̀ pé. Ọmọ wa ni." Wọ́n sì ṣàdúrà fún mi títí, wọ́n sì gbé iṣẹ́ òrùlé náà fún un.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rò pé iṣẹ́ ńlá ni mo sá fún. Káàdì tí ọkùnrin náà fún mi sọ pé ìjọba ìpínlẹ̀ Texas ló fún òun ní láísẹ́ǹsì. Ẹ̀yìn ìgbà tí nǹkan bàjẹ́ tán ni mo tó mọ̀ pé ìjọba Texas kì í fún ẹnikẹ́ni ní láísẹ́ǹsì òrùlé. Kò sí irú ẹ̀ rárá. Ohun tó yẹ kéèyàn béèrè ni inṣọ́ransì rẹ̀, ibi tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà, àti àwọn tó ti bá ṣiṣẹ́ rí. Irọ́ náà wà lórí káàdì gbangba. Ìdọ̀bálẹ̀ ni mo gbà ní láísẹ́ǹsì, ìdọ̀bálẹ̀ ò sì lè dá òjò dúró.

Òjò ńlá àkọ́kọ́ tó rọ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ náà, omi gba òrùlé wọ yàrá Mọ́mì, àjà sì já lulẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run pé kíṣìnnì ni wọ́n wà. Nọ́ńbà ọkùnrin náà ò lọ mọ́. Ọ́fíìsì tó kọ sórí káàdì, ibi tí wọ́n ti ń ta táyà ni.

Bísí sáré wá láti Allen. Mo ti wà ní pálọ̀, mo ń bá Mọ́mì nu ilẹ̀.

"Mommy, I told you to check him out!"

Mọ́mì ní, "Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Àǹtí ẹ ló bá mi yẹ̀ ẹ́ wò."

Bísí yíjú sí mi. "Auntie, is that true? Ṣé ẹ check ẹ̀?"

Ẹ̀rù bà mí. Mo ronú kan ìjọ, mo ronú kan ipò tí mo dì mú níbẹ̀. Mo kàn gbọ́ tí ẹnu mi ń sọ pé, "Mi ò rántí o. Bóyá Mọ́mì rò pé àwọn sọ fún mi ni."

Mọ́mì wò mí. Mo rò pé wọ́n á bínú. Wọn ò bínú. Wọ́n ní, "Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ o. Ogbó ti dé." Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin èèyàn mi, ì bá sàn kí wọ́n gbá mi létí. Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ bò mí láṣìírí. Wọ́n gbà mí gbọ́ ju ara wọn lọ ni.

Bísí rí ẹlòmíì tó tún òrùlé ṣe, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ló ti ń ṣọ́ ìyá rẹ̀. Bí Mọ́mì bá wá gíláàsì ojú wọn tì, ó ti di àmì pé wọ́n ń ṣarán. Bí wọ́n bá pe ọmọ-ọmọ kan ní orúkọ èkejì, ó ti di àmì. Èmi náà ń wá kọ́kọ́rọ́ mi lójoojúmọ́, ẹnikẹ́ni ò sì gba mọ́tò lọ́wọ́ mi. Wọ́n ti gba ti Mọ́mì. Mo máa ń tọ́jú àwọn tó ń ṣarán níbi iṣẹ́, mo mọ̀ wọ́n. Mọ́mì ò sí lára wọn. Àmọ́ Bísí ti rí ilé kan ní Allen tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó, ó sì fẹ́ ta ilé bàbá rẹ̀. Mi ò dá a lẹ́bi. Ó fẹ́ràn ìyá rẹ̀, ohun tí mo sọ ló gbà gbọ́.

Ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá, lẹ́yìn ìsìn, Mọ́mì fà mí lọ́wọ́ lọ sídìí mọ́tò mi. Wọ́n ní àwọn bí ọmọbìnrin kan ṣáájú Bísí nílé, ó sì kú kó tó rìn. Wọn ò sọ ọ́ fún Bísí rí. Bàbá ló mọ̀ ọ́n, Bàbá sì ti lọ. Wọ́n sọ orúkọ ọmọ náà sí mi létí.

Wọ́n ní, "Bá mi fi sórí. Tó bá dọjọ́ tí mi ò rántí ẹ̀ mọ́, kó o máa pè é fún mi."

Mo ní, "Ẹ ṣé, mà."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí wọ́n tó mú Mọ́mì lọ sí Allen. Ṣé Bísí ni kí n kọ́kọ́ lọ bá ni, àbí kí n lọ kúnlẹ̀ fún Mọ́mì fúnra wọn? Mo mọ̀ pé wọ́n lè má fẹ́ rí mi mọ́. Ó tọ́ sí mi. Ohun tí mi ò mọ̀ ni bí mo ṣe fẹ́ lanu, kí n sọ fún wọn pé kò sí ohun kan tí wọ́n gbàgbé.