Ẹ̀rí Tí Mo Jẹ́ Nípa Èjìká Ọmọ Mi

Akíntóyè, má kí mi! Mo ní o má kí mi. Gbé wáyà tó wà lọ́wọ́ rẹ yẹn sílẹ̀ kí o kọjú sí mi dáadáa, torí láti Austell títí dé Clarkston níbí ni mo ti ń dá sọ̀rọ̀ nínú mọ́tò, àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lórí òpópónà 285 á ti rò pé orí mi ti dàrú. Ìwọ lò ń bójú tó kámẹ́rà ní ṣọ́ọ̀ṣì yìí, àbí ìwọ kọ́? Ìwọ lò ń gbé ìsìn wa sórí YouTube. Ó dáa. Ta ló wá ní kí o gé ẹ̀rí tèmi sọ́tọ̀, kí o fún un ní àkọlé tirẹ̀, kí o sì kọ orúkọ ọmọ mi gàdàgbà sí i lára? Orúkọ rẹ̀ àti orúkọ baba rẹ̀! Adégbénró Ọláníyọnu, baseball pitcher! Ṣé mo bẹ̀ ọ́ ni?

O ò mọ nǹkan tó tìdí ẹ̀ yọ. Jókòó. Rárá, má jókòó, dúró kí n sọ ọ́ fún ọ. Ṣé o mọ̀ pé láti October ni Gbénró ti wà nílé lọ́dọ̀ mi? Contract rẹ̀ tán, ẹgbẹ́ tó ń bá ju bọ́ọ̀lù baseball kò ní kó máa bọ̀ mọ́, ó wá di free agent, ìyẹn ni pé ẹgbẹ́ tó bá wù ú ló lè lọ bí wọ́n bá pè é. Bí wọ́n bá pè é, Akin! Àwọn ẹgbẹ́ ìlú ńlá ò pè. Ẹgbẹ́ kékeré kan ló yọjú, lókè lọ́hùn-ún níbi tí yìnyín ti ń bọ́, ẹgbẹ́ tí kò lówó lọ títí, tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ra ẹnì kan, wọ́n á jókòó ronú kí wọ́n tó ra ẹlòmíràn. Gbogbo ìlú yẹn ò wá ní ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu mọ́: ṣé ká mú un, ṣé ká má mú un. Mo wá rédíò wọn kàn lórí fóònù mi, òun ni mò ń gbọ́ bí mo bá ń lọ sí shift.

Ohun tí etí mi gbọ́! Wọ́n ní ọmọ mi ti darúgbó. Ọkùnrin kan tẹ rédíò láago, ó ní kí lẹ fẹ́ fi arúgbó ṣe? Arúgbó! Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógójì! Ọmọ tí kò tíì gbéyàwó! Ọmọ tó jẹ́ pé ní Youth Sunday tó kọjá, ìwọ fúnra rẹ lo ní kó wá bá yín kó àga! Ṣé arúgbó ló ń kó àga? Bí òun bá jẹ́ arúgbó, kí ni wọ́n máa wá pe èmi Joanna tí mo bí i, òkú? Mo lu hóònù láìmọ̀, ọlọ́pàá tó wà níwájú mi bojú wẹ̀yìn.

Obìnrin kan ló wá pè, Ọlọ́run á ṣe tirẹ̀ náà láṣeyọrí. Ó ní ẹ mú un jàre, àwọn ọmọdé tí ẹ kó jọ lè ju bọ́ọ̀lù kó máa sáré bí ọta ìbọn, ṣùgbọ́n wọn ò mọ ibi tí wọ́n ń jù ú sí, ẹni tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ ló máa fi hàn wọ́n. Mo pariwo Àmín. Ọ̀rọ̀ ti ń lọ bó ṣe yẹ kó lọ, àfi bí ẹni tó ń darí ètò ṣe ní ẹ dúró ná, ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ fi fídíò kan ránṣẹ́, fídíò ìyá ẹ̀. Akin, ohùn mi ni mo gbọ́! Ohùn tèmi lórí rédíò òyìnbó, tí mò ń ké pé ẹ bá mi yin Olúwa, tí Sister Rachael sì ń fi Gẹ̀ẹ́sì tú u tẹ̀ lé mi!

Rachael náà! Ògbufọ̀ wo nìyẹn? Mo ní èjìká ń ro ọmọ mi díẹ̀, òun ní apá ọmọ náà ti kú. Kí lo wí? Pé èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀? Irọ́ ni! Ọlọ́run ń gbọ́, irọ́ ni. Ó dáa, gbé e jáde ká jọ gbọ́ ọ. Tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀n-ẹ́n… ẹ̀n-ẹ́n… Ó tó. Mo ní ó tó, pa á! Ó dáa, mo sọ pé apá náà ti kú. Mo sọ pé kò lè gbé ike omi. Mo sọ pé èmi ni mò ń bá a bọ́ ẹ̀wù bí ọmọ ọwọ́. Háà, ti ẹ̀wù yẹn, n ò rántí pé mo sọ ọ́. Ṣùgbọ́n mo ní Ọlọ́run ti wò ó sàn, àbí n ò sọ ọ́? Ibẹ̀ gan-an ni rédíò yẹn gé kúrò, wọ́n fi ikú apá sílẹ̀, wọ́n kó àjíǹde ẹ̀ dànù.

Kí ló wá yẹ kí n sọ? Ṣebí ìwọ náà wà níbẹ̀. Mummy Tiwa ló jẹ́rìí ṣáájú mi. Ó ní tírélà gun mọ́tò òun lórí I-20, mọ́tò rún wómúwómú, òun sì bọ́ sílẹ̀ láìsí pé gèlè òun wọ́. Gbogbo ìjọ dìde, pásítọ̀ ń jó. Kí èmi wá gba máìkì lọ́wọ́ rẹ̀, kí n ní èjìká ń ro ọmọ mi díẹ̀ díẹ̀, ó sì ti ń rọlẹ̀? Ta ló máa ṣe halelúyà sí ìyẹn? Wọ́n á ní kí n lọ ra Robb! Ẹni tó bá fẹ́ kí Ọlọ́run gba ògo, àfi kó jẹ́ kí ìṣòro náà sanra díẹ̀. Láàárín àwa ara wa, a mọ bí a ṣe ń gbọ́ ọ, kálukú mọ ibi tó ti máa yọ díẹ̀ kúrò. Àwọn dókítà ẹgbẹ́ baseball ò mọ̀ ọ́n yọ, Akin! Wọ́n gbà á bó ṣe wà! Kíá ni wọ́n pe agent rẹ̀, ẹni tó ń bá a dúnàádúrà, pé àwọn fẹ́ tún apá yẹn yẹ̀ wò látìbẹ̀rẹ̀, pé àwọn ò mọ̀ bóyá àwọn ṣì ń ṣe.

Gbénró ò bínú ariwo o, ì bá sàn ká ní ó pariwo. Gbólóhùn kan ló sọ, ó ní "Mummy, nọ́ọ̀sì mà ni yín," ó bá wọ yàrá lọ. Ó dùn mí dé egungun. Torí pé ní clinic tí mo ti ń ṣiṣẹ́, bí ọkọ bá bi mí ní ohun tó ń ṣe ìyàwó rẹ̀, n ò ní sọ ọ́ fún un. Aláìsàn gbogbo ayé ni mò ń bá pa àṣírí mọ́, ti ọmọ mi ni mo fi máìkì sọ.

Ọmọ yẹn ò wá owó, mo fẹ́ kí o mọ̀. Ọdún kan péré ló fẹ́ sí i. Ó ní òun ò fẹ́ kó jẹ́ pé nítorí wọn ò pe òun ni eré tán, òun fẹ́ fẹsẹ̀ ara òun rìn kúrò lórí pápá. Lárààárọ̀ ló máa ń ju bọ́ọ̀lù mọ́ ògiri gáréèjì mi, gbì, gbì, gbì, tí n ó sì máa kígbe pé ṣé o fẹ́ wó ilé lé mi lórí ni. Fídíò yẹn jáde, n ò gbọ́ gbì kankan mọ́. Adìẹ bà lókùn, ara ò rokùn, ara ò radìẹ, òun nínú yàrá, èmi ní kíṣìnì, a ò bá ara wa sọ nǹkan kan títí di àárọ̀ yìí.

Kí ni? Ẹyin lohùn? Ìwọ Akíntóyè lò ń pa òwe fún mi? Bí ẹyin bá fọ́ nínú ilé, ṣebí ká fi rágì nu ún jẹ́ẹ́ ni, ìwọ lo gbé àwo rẹ̀ kiri ìta gbangba! O ti yọ ọ́ kúrò? Ṣé ó wá tán nìyẹn, àwọn tó ti gbà á sórí fóònù ń kọ́?

Kí ni mo wí? Títí di àárọ̀ yìí? N ò sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní a ò sọ̀rọ̀, ó parí. Má wò mí bẹ́ẹ̀. Ta ló ń rẹ́rìn-ín? N ò rẹ́rìn-ín rárá. Akin, fi mí sílẹ̀, wọ́n ti mú mi búra. Ọmọ tí mo bí mú mi búra nídìí tábìlì oúnjẹ mi! Ó ní n kò gbọdọ̀ sọ ọ́ fún ẹ̀dá alààyè, ó ní òun ti bẹ pásítọ̀ pé kí wọ́n má gbé máìkì fún mi lọ́la. Èmi! Tí mo ti ń jẹ́rìí nínú ìjọ yìí kí wọ́n tó ra máìkì! Ṣé o rí ohun tó ń bí mi nínú báyìí? Ọlọ́run ṣe irú nǹkan báyìí fún èèyàn, kí n dákẹ́ mọ́ ọn, kó máa hó nínú mi bí omi àgbàdo? Ta ló lè gbà á?

Ti ilẹ̀kùn yẹn. Súnmọ́ mi. Wọ́n ti yẹ apá náà wò, kò sí nǹkan kan tó ń ṣe é. Wọ́n ń mú un! Tuesday ló máa fọwọ́ sí ìwé, ọdún kan gbáko, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má gbọ́ títí dìgbà yẹn. Ó gbá mi mọ́ra lónìí, Akin, ó gbé mi kúrò nílẹ̀, apá tí mo ní ó ti kú yẹn náà ló fi gbé mi, hà-hà-hà! Olúwa, o ṣé o! Ìwọ nìkan ni mo sọ ọ́ fún o, torí pé o ṣẹ̀ mí, o jẹ mí ní gbèsè ìdákẹ́jẹ́.

Gbé fóònù yẹn sílẹ̀. Akin, mo ní kí lò ń tẹ̀? Ó ti lọ kẹ̀? Ta lo fi ránṣẹ́ sí? Ìyàwó rẹ nìkan? Gbémi? Gbémi tó ń darí WhatsApp ẹgbẹ́ aládùúrà? Yéè, mo gbé! Pè é! Pè é kíákíá, sọ fún un pé irọ́ ni, sọ pé apá náà ti tún kú!