Mo Gbóòórùn Rẹ̀ Nínú Agolo, Mo Sì Tà Á

Oṣù keje rè é tí mo ti ń sùn nínú iyàrá tí ìyá mi ń gbé kó tó di olóògbé, ní ilé bàbá mi ní Ìwó níbí, tí ọmọ mi obìnrin kan ṣoṣo sì ń sùn ní ilé ọkọ mi, níbi tí wọ́n ti ń sọ fún un pé ìtọ́tè ni ìyá rẹ̀ torí rẹ̀ ta àwọn ẹbí bàbá rẹ̀. Bí mo bá ń lọ sódò, àwọn obìnrin á panu mọ́ títí n ó fi kọjá tán. Èmi a sì kí wọn ketekete, ma gbé orí sókè, ma máa lọ. Ṣé kí n máa tijú ni? Ohun tó yẹ kí n tijú fún wà, n ó sì sọ ọ́ fún yín láì bo ohunkóhun mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí àwọn ń fẹ́ kí n torí ẹ̀ tijú yẹn, láéláé! Ojú ò ní í tì mí fún un.

Ọmọ Alfa ni mí. Bàbá mi ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò wa ní kéú, ẹni tó bá sì mọ̀ wọ́n mọ̀ pé wọn kì í sọ ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Télọ̀ ni ọkọ tí mo fẹ́, ènìyàn jẹ́jẹ́ ni, kò nà mí rí, kò sì bú mi rí. Àléébù kan ṣoṣo tí mo rí lára rẹ̀ ni pé kò lè sọ pé rárá fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n náà ló tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn tí bàbá wọn kú, òun ló fi í sẹ́nu iṣẹ́, òun ló sì wá tọrọ mi lọ́wọ́ bàbá mi. Iṣẹ́ páànù ni ẹ̀gbọ́n ń ṣe. Á gé páànù àti agolo, á fi òjé jó o pọ̀, á fi ṣe fìtílà, àrọ àti ìkótáàbà. Bàbá Onípáànù ni gbogbo àwa ìyàwó ilé ń pè wọ́n, torí ìyàwó kì í pe orúkọ ẹni tó bá nílé.

Ìtọ́tè, ohun tí obìnrin fi ń kun ètè, ni èmi ń ṣe tà. Àǹtí mi kan ló mú mi lọ sí Ìbàdàn nígbà tí ọmọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn, a sì yà ní ṣọ́ọ̀bù Kórà kan, àwọn ará Lẹ́bánónì yẹn, tó ń ta nǹkan ẹ̀ṣọ́. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ rí ìtọ́tè òyìnbó. Inú ìkòkò idẹ kékeré kan tó ń dán bíi wúrà ló wà, bí ẹ bá yí ìdí rẹ̀, ìtọ́tè á yọ orí jáde bí ìgbín. Ó wọ̀ mí lójú débi pé mi ò gbọ́ ohun tí àǹtí mi ń sọ mọ́. Mo délé, mo po òrí, ìda oyin àti osùn pọ̀, mo ń sè é, mo ń bà á jẹ́, mo tún ń sè é, títí tó fi dúró dáadáa. Inú ewé ni mo kọ́kọ́ ń pọ́n ọn sí. Àwọn obìnrin fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ti mú, á yọ́ sí wọn láṣọ. Ìgbà náà ni mo mọ̀ pé iṣẹ́ mi kì í ṣe ti osùn nìkan. Ohun tí a kó o sí ṣe pàtàkì bí òun fúnra rẹ̀.

Bí mo ṣe di ẹni tó ń lọ sọ́dọ̀ Kórà nìyẹn. Ó ń kó òfìfo ìkòkò ìtọ́tè wá láti òkè òkun, oríṣiríṣi. Mi ò kàn ń rà á bẹ́ẹ̀. Ma mú ẹyọ kọ̀ọ̀kan wálé, ma rẹ ọ̀kan sínú omi iyọ̀ mọ́jú kí n wò ó bóyá yóò dógùn-ún, ma kó òrí sínú òmíràn, ma gbé e sórí páànù ilé ní ọ̀sán gangan. Ma jẹ́ kó já bọ́ láti ọwọ́ mi sórí ṣìmẹ́ńtì. Ma ṣí i, ma pa á dé, ní ọgọ́rùn-ún ìgbà, tẹ̀sùbáà ni mo fi ń kà á, Ọlọ́run má bínú sí mi. Èyí tó ń dán jù lọ nínú wọn, ọ̀dà lásán ni, ọjọ́ kejì ló bó sí mi lọ́wọ́. Mo kó o padà fún Kórà. Ó wò mí tìyanu-tìyanu, ó ní, "Ìyá, ìwọ kò ra ọjà, ìwọ ń dán ọjà wò." Mo ní, "Ẹnu ènìyàn ni mo ń kó o lọ, ẹnu kì í ṣe ẹsẹ̀." Ó rẹ́rìn-ín, ó lọ mú èyí tó dára wá láti ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù. Láti ọjọ́ náà, kò gbé èyí tí kò dára fún mi mọ́.

Ọjà mi tà. Wọ́n ń ti Ilé-Ogbó wá rà á, wọ́n ń ti Kuta wá rà á. Àfi bó ṣe di ọdún kan tí Kórà ní ọkọ̀ ojú omi tó ń kó ọjà òun kò tíì gúnlẹ̀, òun kò sì mọ ọjọ́ tí yóò gúnlẹ̀. Ọwọ́ mi ṣófo. Ọkọ mi wá bi mí pé kí ló dé tí mo ń sáré lọ sọ́dọ̀ àjèjì nígbà tí oníṣẹ́ páànù wà nínú ilé? Ó ní, "Ìyá Rábì, bí ìdí ọmọ ẹni kò tilẹ̀ ṣe bẹ̀bẹ̀rẹ̀, a kì í fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ti ọmọ ẹlòmíì." Mo ní mo gbà, ṣùgbọ́n n ó yẹ̀ ẹ́ wò bí mo ṣe ń yẹ ti Kórà wò.

Bàbá Onípáànù ṣe agolo róbótó mẹ́fà wá, bí ìkótáàbà. Etí rẹ̀ mú, ó gé mi níka. Ìdérí rẹ̀ sì rọ̀, bí ẹ bá mì í á já. Mo kúnlẹ̀, mo dá a padà fún wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ojú wọn kọ́rẹ́. Wọ́n ní, "Ìyàwó tí mo fi ẹnu ara mi tọrọ ló fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ yìí?" Ṣùgbọ́n wọ́n lọ tún un ṣe. Páànù tuntun ni wọ́n lò lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n fi fáìlì pa etí rẹ̀, ó sì dára. Bó bá dára, mo máa ń sọ pé ó dára. Mo tà á tán, mo sì yìn wọ́n lójú gbogbo ilé.

Ẹ̀ẹ̀kẹta ni ọ̀ràn dé. Ọdún Iléyá ku ọjọ́ mẹ́ta, gbogbo obìnrin ń bi mí pé ìtọ́tè dà. Bàbá Onípáànù gbé agolo kún agbọ̀n wá, wọ́n ti fi ọ̀dà pupa kùn ún lẹ́yìn, ó wuni. Mo ṣí ọ̀kan, mo gbé e sí imú. Òórùn kan lù mí. Mo mọ òórùn náà, mi ò kàn rántí ibi tí mo ti mọ̀ ọ́n. Mo bi wọ́n léèrè. Wọ́n ní kẹrosíìnì tí àwọn fi fọ̀ ọ́ ni. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n sá a sóòrùn títí Iléyá yóò fi kọjá. Ọkọ mi ni wọ́n kọjú sí: "Sulé, ṣé wàá bá ìyàwó rẹ sọ̀rọ̀, àbí kí n gbé agbọ̀n mi?" Ọkọ mi pè mí wọ yàrá. Kò bínú, ẹ̀bẹ̀ ló ń bẹ̀ mí. Ó ní kí n má dójú ti òun lójú ẹni tó tọ́ òun. Omi wà lójú rẹ̀.

Mo gbà. Ibi tó yẹ kí n tijú nìyí. Èmi tí mo ń fi tẹ̀sùbáà ka ìṣí-àti-ìdé agolo Kórà, mi ò rẹ ọ̀kan sómi, mi ò sá ọ̀kan sóòrùn. Mo fi ọṣẹ àti omi gbígbóná ṣan gbogbo rẹ̀, mo tún gbé ọ̀kan sí imú, òórùn náà ṣì wà níbẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́. Mo da ìtọ́tè sí i. Mo tà á.

Ọ̀rẹ́ mi àtìgbà èwe, Mùínátù, wà ní Kuta. Ọmọ rẹ̀, Sìdíkà, ni wọ́n fẹ́ so yìgì fún lẹ́yìn Iléyá. Ọwọ́ ara mi ni mo fi mú agolo kan fún ọmọ náà, mo ní ẹ̀bùn ìyàwó ni. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ló fi ń kùn ún, kí ètè rẹ̀ lè rẹwà dé ọjọ́ náà. Ọjọ́ yìgì pé, àwọn Alfa ti jókòó, ètè ọmọ wú bí ẹ̀wà tí wọ́n rẹ sómi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bì, ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Wọ́n fi ọkọ̀ tó ń kó iṣu gbé e lọ sí ọsibítù. Ìròyìn ò tíì dé ọ̀dọ̀ mi tí obìnrin mẹ́ta fi wá ká mi mọ́lé ní Ìwó, awọ ètè wọn ń bó.

Mo mú ọ̀kan nínú agolo tó kù, mo fi ọ̀bẹ ha ọ̀dà pupa náà kúrò. Kí ni mo rí? Àwòrán agbárí òkú, pẹ̀lú egungun méjì tí wọ́n gbé dábùú ara wọn! Agolo oògùn tí wọ́n ń fín sí kòkó ni, irú èyí tí àwọn àgbẹ̀ máa ń jù sẹ́yìn oko. Ìgbà náà ni mo rántí òórùn náà. Ara aṣọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń dáko kòkó ni mo ti mọ̀ ọ́n.

Mo lọ sí Kuta. Sìdíkà ti dé láti ọsibítù, kò kú, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Mo kúnlẹ̀ níwájú Mùínátù, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, àti agolo àti òórùn. Ó ní, "O gbóòórùn rẹ̀, o sì mú un fún ọmọ mi?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó dìde, ó wọlé, kò sì jáde sí mi mọ́. Ọkọ Sìdíkà kò kọ̀ ọ́, wọ́n padà so yìgì wọn. Ṣùgbọ́n ètè ìsàlẹ̀ ọmọ náà ti ṣí funfun, bó bá ń rẹ́rìn-ín, á fi ọwọ́ bo ẹnu. Mi ò mọ àdúrà tó lè mú ìyẹn kúrò lójú mi.

Mo padà dé Ìwó, wọ́n ti pe ìpàdé ẹbí dè mí. Baálé ilé, àgbà tó ju gbogbo wọn lọ, ní kí n sọ fún ìlú pé osùn tí mo lò ló ti bà jẹ́. Wọ́n ní obìnrin lè rí iṣẹ́ mìíràn ṣe, ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ ọkùnrin bá bà jẹ́, ilé ló bà jẹ́. Mo gbé agolo tí mo ti ha sáàárín ilé. Bàbá Onípáànù wò ó, wọn ò sẹ́. Wọ́n ní, "Ṣebí mo fọ̀ ọ́." Mo ní, "Ẹ̀yin àgbà, àwọn ènìyàn ṣì ní in nílé. Ẹlòmíì lè ti kó iyọ̀ ọbẹ̀ sí i. Ṣé osùn ni n ó sọ pé kí wọ́n dà nù, kí wọ́n sì fi agolo pamọ́?" Ọkọ mi ń wo ilẹ̀.

Ọjọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, mo dúró láàárín ọjà Odò-Orí, mo ké. Mo ní èmi oníìtọ́tè ni mò ń sọ̀rọ̀, mo ní ẹnikẹ́ni tó bá ní agolo pupa róbótó kó dá a padà fún mi, kó má fi bu nǹkan jẹ, agolo oògùn kòkó ni, èmi náà gbóòórùn rẹ̀ kí n tó tà á. Wọ́n bú mi, obìnrin kan tutọ́ sí mi lára, ó tọ́ sí mi. Ṣùgbọ́n wọ́n dá agolo padà, agbọ̀n kún. Mo fi ìṣó lu gbogbo rẹ̀, mo sì rì í mọ́lẹ̀ jìnnà sí odò. Láti ọjọ́ náà kò sẹ́ni tó ra fìtílà lọ́wọ́ Bàbá Onípáànù mọ́. Ìdí rẹ̀ tí ọkọ mi fi ní kí n yan èyí tó bá wù mí nìyẹn: kí n lọ kó ọ̀rọ̀ mi jẹ níwájú ẹbí, tàbí kí n máa lọ. Wọ́n ní ọmọ kò ní í bá mi lọ.

Nígbà tí mo gbé ẹrù mi dé ọ̀dọ̀ bàbá mi, ẹ̀rù ń bà mí pé wọ́n á ní kí n padà. Wọ́n gbé gíláàsì ojú wọn sílẹ̀, wọ́n ní, "Òótọ́ ni ohun tí o sọ lọ́jà?" Mo ní, "Òótọ́ ni, Bàbá." Wọ́n ní, "Iyàrá ìyá rẹ ṣófo. Lọ gbá a."

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni ọkọ mi wá. Ó ti rù. Ó ní gbólóhùn kan péré ni wọ́n ń fẹ́, pé kí n sáà ti sọ pé osùn ni, kí n wá máa wo ọmọ mi. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń gbọ́ mi, ẹ mọ ohun tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ń ṣe ní ikùn obìnrin. Mo sunkún lójú rẹ̀. Mo sì sọ fún un pé bí ó bá fẹ́ kí n bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nítorí pé wọ́n jẹ́ àgbà tí ojú tì ní gbangba, n ó bẹ̀ wọ́n lọ́sàn-án gangan. Ṣùgbọ́n èmi ò ní í pe agbárí òkú ní osùn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń rà, tí ẹ ń tà, ẹ̀bẹ̀ ọkọ kò lè pa oró inú agolo. Ohun tí imú yín bá kọ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kí ojú àánú gbà á. Ẹ wá gbà mí nímọ̀ràn: ọ̀dọ̀ ta ni kí n lọ, ọ̀nà wo ni kí n gbà tí n ó fi gba ọmọ mi? Mo ń fetí sílẹ̀ sí ohun gbogbo tí ẹ bá ní láti sọ. Ti irọ́ yẹn nìkan ni kí ẹ má dá mi lábàá rẹ̀, torí Sìdíkà ṣì ń fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín ní Kuta.