Obì Tó Gbóná Nínú Ewé

Ọkọ mi, Bàbá Àlíyù, ṣì wà láyé nígbà tí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Ìyá wa ṣì ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà ní Màkún, ó ń bú ẹni tó bá kọjá tí kò kí i. Wúlẹ̀mọ̀tù àbúrò mi náà ṣì ń mí, bí èémí rẹ̀ tilẹ̀ ń han bí ìlẹ̀kùn tó dógùn-ún. Lónìí, èmi nìkan ló kù. Tájù, ọmọ Wúlẹ̀mọ̀tù, ìwọ ni mò ń kọ èyí sí. Ìwé díẹ̀ ni mo kà, má wo àṣìkọ mi. N kò lè gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ sàréè.

O rántí ohun tí dókítà wí nípa àìsàn ìyá rẹ: "Àwọn ọmọ ogun tó ń bá àrùn jà wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa. Èéfín iná igi ló jí ti Màmá dìde nínú ẹ̀dọ̀fóró. Èéfín ti lọ, wọn ò gbọ́. Wọ́n ṣì ń fọn fèrè ogun síra wọn, wọ́n ń dáná sun ilé tí wọ́n ń ṣọ́." Ó mú oògùn inú ike jáde, èyí tí wọ́n ń tẹ̀ kó fẹ́ sẹ́nu láàárọ̀ àti lálẹ́. "Èyí ló máa pa wọ́n lẹ́nu mọ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn kò wọ̀ mí létí. Obì là ń tà. Ewé ló ń ṣọ́ obì nínú agbọ̀n. Bí o bá tú u kúrò, kòkòrò á wọlé. Ta ló ń gba ìbọn lọ́wọ́ ọdẹ tó ń ṣọ́lé? Mo ní kí Wúlẹ̀mọ̀tù jáwọ́ nínú oògùn náà. Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ti di dókítà obì!" Àwọn tó ń bá mi ṣa obì bú sẹ́rìn-ín. Ó dùn mí, n kò ní purọ́. Mo bá ń jí ike náà, mo ń tẹ̀ ẹ́ dànù lẹ́yìn ilé títí ó fi gbẹ, mo sì ń dá a padà sábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀. Ìwà ìkà, mo ń pè é ní ìfẹ́!

Kò pẹ́, kò lè rìn dé ilé ìwẹ̀ mọ́. O bi í pé, "Ìyá mi, ṣé ẹ ń lò ó?"

"Mò ń lò ó, ọmọ mi. Kò kàn korò lẹ́nu mọ́ ni."

Mo wà níbẹ̀. Mo lè sọ̀rọ̀. Ohun tí mo sọ ni pé: "Tájù, bóyá ayédèrú ni wọ́n tà fún ọ." Èyí ló burú jù. O lọ bá ẹni tó tà á jà, o sì ń dá ara rẹ lẹ́bi dòní pé ọwọ́ rẹ lo fi ra ikú fún ìyá rẹ. Kì í ṣe ìwọ. Èmi ni.

Lẹ́yìn ìsìnkú ni mo ṣí agbọ̀n kan tí ọ̀fọ̀ ti jẹ́ kí n gbàgbé. Ooru lù mí lójú. Obì ti làágùn, ó ti jẹrà, kòkòrò kan kò sí níbẹ̀. Obì tí a bá wé jù, ewé tó ń ṣọ́ ọ ló ń mú kí ooru ara rẹ̀ jó o. A ní láti máa ṣí i kó tutù. Mo ti mọ̀ ọ́n látìgbà ọmọge. Ohun tí dókítà ń wí gan-an nìyẹn.

Tájù, dárí jì mí. Ẹ̀yin ọmọ Wúlẹ̀mọ̀tù, ohun tí kò bá yé yín, ẹ béèrè, bí wọ́n tilẹ̀ máa fi yín rẹ́rìn-ín.

Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ tí ìyá rẹ kú. O ti sáré lọ wá ọkọ̀. Ó tẹ ike náà, kò ró. Ó nà án sí mi.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi tẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ yín le ju tèmi lọ."

Mo gbà á, èmi tí mo mọ̀ pé ó ti gbẹ. Mo tẹ̀ ẹ́.