Ọlọ́run mú mi gba ẹ̀yìnkùlé wọlé ní Ìpara

Ẹ̀yin ará mi, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó jẹ́ kí n dúró níwájú yín láàárọ̀ yìí tí orúnkún mi kò gbọ̀n. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé ìyẹn nìkan tó ẹ̀rí. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń wo ẹ̀yìn mi pé ọmọ dà, ẹ ní sùúrù, n máa débẹ̀.

Láti ìgbà tí mo ti wọ ṣọ́ọ̀ṣì yìí, ẹ̀yìn ni mo máa ń jókòó sí. Bí wọ́n bá ní kí n ka Bíbélì, Bíbélì á máa gbọ̀n lọ́wọ́ mi. Mo sì ṣe sẹ́kọ́ńdírì tán o! Ìwé kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù, ojú èèyàn ni. Nígbà tí Pásítọ̀ ní gbogbo wa la máa jáde lọ wàásù láti ilé dé ilé, ní méjì-méjì, mo gbàdúrà pé kí wọ́n fi mí sí Símáwà, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ mí. Wọ́n pín wa tán, Ìpara ló kan èmi àti Sístà Dúpẹ́. Ìpara! Ìlú ọkọ mi! Àyà mi já.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó já a. Ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ mi wà níbẹ̀, obìnrin ni, gbogbo ilé ń pè wọ́n ní Ìyá Àgbà. Àwọn ló tọ́ ọkọ mi dàgbà. Nígbà tí mo bí Ṣèyí, Ìyá fẹ́ ká wá sọ ọ́ lórúkọ ní Ìpara. Ọkọ mi ní ṣọ́ọ̀ṣì la ti máa ṣe é, níbí ní Ṣàgámù. Ìyá kò wá. Ṣèyí jókòó, ó rá, ó hu eyín, ẹni tó tọ́ bàbá rẹ̀ kò gbé e rí. Èmi ni wọ́n sì ń dá lẹ́bi, pé ìyàwó oníṣọ́ọ̀ṣì ló gba ọmọ mọ́ àwọn lọ́wọ́.

Ọkọ mi kìlọ̀ fún mi láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó ní, "Ìyá Ṣèyí, bí Ìyá bá lé ẹ níwájú àlejò lónìí, ọ̀rọ̀ yìí ti bàjẹ́ nìyẹn. N ò mọ ẹnu tí n máa fi bẹ̀ wọ́n mọ́."

Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Olúwa, ẹnu mi kò ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé. Ìwọ ni mo gbẹ́kẹ̀ lé."

Sístà Dúpẹ́ ti kọ́ mi: kan ilẹ̀kùn, rẹ́rìn-ín músẹ́, gbé Bíbélì sí àyà kí wọ́n lè rí i. Mo ń kà á sórí nínú mọ́tò títí bàbá tó jókòó tì mí fi bi mí pé ṣé intafíù ni mò ń lọ.

A dé ilé Ìyá, Ṣèyí ti sùn lẹ́yìn mi, mo kan ilẹ̀kùn, mo rẹ́rìn-ín. Ìyá ṣílẹ̀kùn, wọ́n wò mí láti orí dé ẹsẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀ mà. A wá bá yín sọ̀rọ̀ ìyè..."

"Ìwọ! Ìyàwó ilé yìí! Ìwọ lo dúró níwájú ilé ọkọ rẹ, tí ò ń kanlẹ̀kùn bí agbowó-orí! Ó dáa. Èmi kì í gba àlejò láàárọ̀."

Gbàgà! Ilẹ̀kùn padé.

Sístà Dúpẹ́ fà mí lọ́wọ́, "Má wulẹ̀ sunkún. Gbọn eruku ẹsẹ̀ rẹ nù, ká lọ sílé kejì."

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ yá mi lára láti lọ. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe yíjú padà, ohùn kan sọ nínú ọkàn mi pé kì í ṣe Jésù ni Ìyá lé, ilẹ̀kùn tí mo kàn ló bí wọn nínú. Òótọ́ ni! Ìyàwó kan kì í gba iwájú wọ ilé náà. Ẹ̀yìnkùlé ló ń gbà, á kúnlẹ̀, iṣẹ́ tó bá bá nílẹ̀ ló máa kọ́kọ́ dì mú kó tó sọ ohun tó bá wá. Mo mọ èyí bí ẹní mowó. Ẹ̀rù ló gbé e lọ lórí mi.

Mo na Bíbélì sí Sístà Dúpẹ́. "Sístà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró dè mí lábẹ́ igi yẹn."

"Kí lo wá fẹ́ fi wàásù?"

Mo ti ń gba ẹ̀gbẹ́ ilé lọ.

Ní ẹ̀yìnkùlé, Ìyá Báyọ̀, ìyàwó tó ṣáájú mi wọ ilé náà, jókòó ti òkìtì ewùrà. Ìkọ́kọrẹ́ ni wọ́n fẹ́ sè fún gbogbo ilé. Mo kúnlẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Wòlíì obìnrin! Wọ́n lé ẹ níwájú lo fi gba ẹ̀yìn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni mà. Ẹ fún mi ní nǹkan kí n bá yín rin ewùrà."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rin ín. Ìyá Àgbà jáde wá, wọ́n jókòó lórí àpótí, ọwọ́ mi ni wọ́n ń wò. Ewùrà ti dé ìgbọ̀nwọ́ mi, ó ń yún mi. Ibẹ̀ ni Ṣèyí ti jí lẹ́yìn mi, ló bá figbe ta. Ẹ mọ igbe Ṣèyí. N kò lè fọwọ́ kàn án. Ta ló máa fi ewùrà kan ara ọmọdé? Ọwọ́ Ìyá Báyọ̀ náà kò mọ́. Mo kàn ń pe Jésù nínú ikùn.

Ìyá pòṣé. "Ṣé ẹ máa wá jókòó kí ọmọ máa ké bẹ́ẹ̀ ni?"

Wọ́n dìde, wọ́n fọwọ́ ara wọn tú ọ̀já mi, wọ́n gbé Ṣèyí. Ó dákẹ́. Ló bá di Ìyá nímú mú!

"Ẹ wo orí! Orí bàbá rẹ̀ gan-an!" Ìyá fi etí ìró nu ojú, wọ́n ní èéfín ni. A kò tíì dáná.

Ìgbà tó yá ni wọ́n bi mí pé, "Kí lo wá sọ níwájú ilé lẹ́ẹ̀kan?"

Ará, ibẹ̀ ni ẹ̀rù ti fi mí sílẹ̀. Mo ń rin ewùrà, mo ń sọ ohun tí Jésù ṣe fún mi, láìsí ẹ̀rín músẹ́ kankan. Ohun tí wọ́n bi mí tí mo mọ̀, mo sọ ọ́. Èyí tí n kò mọ̀, mo ní n kò mọ̀ ọ́n. Ìyá ní kí n lọ pe ẹnìkejì mi kí oòrùn má pa á, Sístà Dúpẹ́ sì jẹ ìkọ́kọrẹ́ débi pé ó ní ká sinmi díẹ̀ ká tó lọ sílé kejì.

N kò ní parọ́ nínú ilé Ọlọ́run. Ìyá kò tíì fi ayé wọn fún Jésù. Wọ́n ní orí àwọn ti funfun, àwọn ṣì ń rò ó. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni mo ti ń lọ, ẹ̀yìnkùlé ni mo sì ń gbà. Ṣèyí ti kúrò lẹ́nu ọmú báyìí. Lánàá tí mo fẹ́ pọ̀n ọ́n ká máa bọ̀, Ìyá ní, "Fi í sílẹ̀. Lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì rẹ lọ́la, kó o wá mú un lọ́jọ́ Ajé."

Ìdí nìyẹn tí ẹ fi rí ẹ̀yìn mi lófìfo. Ẹ bá mi yọ̀, ẹ bá mi gbé Jésù ga: Ṣèyí sùn sí Ìpara!